Ilẹ̀ Tí A Wò Sàn

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé àtúnṣe ilẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ó kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń wí, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní obìnrin tó bá mọ ilé kọ́ kò ní jìyà ní Niamey. Mo wá ṣàlàyé pé kì í ṣe ilé, pé ilẹ̀ gan-an ni, ilẹ̀ tó ti ṣá, tí koríko kò hù lórí rẹ̀ mọ́, àti ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i tí yóò fi padà bọ̀ sípò. Bàbá mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ìyá mi, ìyá mi sì yíjú sí ògiri.

"Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ?" Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Aláṣọ ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wá sí Niamey nígbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń gbé lé èjìká kiri, títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò ọjà Maourey. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n bí mi sí. Lójú tirẹ̀, ohun tí ènìyàn kò lè gbé síwájú oníbàárà kì í ṣe iṣẹ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà kò pète rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Ìmọ̀ oògùn òyìnbó ni mo fẹ́ kà, wọn kò gbà mí. Ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn ló gbà mí, mo sì ti pinnu pé màá fara pamọ́ síbẹ̀ fún ọdún kan, kí n tó wá ọ̀nà kúrò. Ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ nílùú bí olú inú òjò, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń yanṣẹ́ lódì débi pé ìgbà mìíràn, bí takisí bá gbé mi kọjá orí Afárá Kennedy dé Harobanda, níbi tí yunifásítì wà, ẹnubodè títì ni mò ń bá, màá sì tún padà sílé.

Ohun tó mú mi dúró ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wa lọ sí oko ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gbé wa kọjá àdúgbò Talladjé, ó kọjá ibi tí takisí ń dé, ó gun òkè pẹrẹsẹ kan. Àwọn ẹ̀yà Zarma tó ni agbègbè náà ń pe irú ibẹ̀ ní gangani. Àárín ọjà ni mo gbé dàgbà, níbi tí ojú ilẹ̀ kò ti hàn nítorí ènìyàn àti ẹrù. Mi ò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó pupa bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Kò sí koríko, kò sí ewé. Mo wá èèrà títí, mi ò rí ọ̀kan. Kùkùté igi nìkan ló wà káàkiri, wọ́n ti funfun bí egungun.

Olùkọ́ wa, ọkùnrin Zarma kan tí kì í gbé ohùn sókè, mú kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń retí kí ilẹ̀ fà á mu. Omi náà sáré lọ bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí páànù, ó gba abẹ́ bàtà wa kọjá. Ó mú dígà, ó fọ́ ojú ilẹ̀ díẹ̀, ó tún da omi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ gbé e mì láìṣẹ́ ku ẹ̀kán kan.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́," ló wí, "ẹnu rẹ̀ ló dì."

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó ní igbó ni ibẹ̀ nígbà tí bàbá òun wà lọ́mọdé, pé ẹtù máa ń yé sí i. Ìlú ló gé e, ó fi dáná. Mo rántí ìtí igi tí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń já sẹ́nu ọ̀nà wa, tí ìyá mi máa ń fi se oúnjẹ. Mi ò bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kó o wá rí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sọ̀rọ̀ oògùn òyìnbó mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ náà, àwa àti àwọn obìnrin abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ihò tí à ń gbẹ́ rí bí àbọ̀ òṣùpá, a ó kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ bí ògiri kékeré, kí omi òjò tó bá ń sáré bọ̀ lè kọsẹ̀ síbẹ̀ kó sì dúró. A da ìgbẹ́ màlúù sínú rẹ̀. A gbin koríko àti igi ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń sun oje. Ọwọ́ mi bó, ó jinná, ó tún bó. Bí mo bá délé, ìyá mi yóò fi òrí pa á fún mi, bàbá mi yóò sì máa wo àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni ń wo aṣọ tí eku jẹ.

Òjò dé. Mo ti ka ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, síbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹnu mi kò lè padé. Ihò kọ̀ọ̀kan gba omi tirẹ̀ dúró bí àwo. Kò pẹ́ tí ewé fi yọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí a rí ewéko tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbìn. Afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ ló gbé e wá. Nígbà tí mo máa fi lo ọdún kẹta níbẹ̀, koríko ti dé orúnkún mi.

Ní àsìkò òjò ọdún yẹn ni bàbá mi ní òun fẹ́ wá wò ó. Ó wọ bùbá funfun, ó háyà takisí láti Maourey. Ó rìn wọ inú koríko náà pẹ̀lú bàtà mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ẹyẹ kékeré kan sì fò jáde níwájú rẹ̀ tó fi tàgìrì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Máṣàállàhù," ló wí. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, yóò ní ẹ wò ó, dókítà ilẹ̀ ni ọmọ mi yìí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ìdìbò ń bọ̀. Olùkọ́ wa ní kí n bá òun mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ sórí òkè náà, kí n fi ohun tí a ṣe hàn wọ́n. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé fún wọn, mo ń fọwọ́ júwe bí ihò náà ṣe tẹ̀ kọdọrọ. A gun òkè. Ọkọ̀ dúró.

Katapílà ni a bá níbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ti ògiri àwọn ihò wa sínú, ó ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ti hú àwọn igi, wọ́n kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ewé ara wọn kò tíì rọ. Òkúta tí wọ́n kùn ní ẹfun tò lọ débi tí ojú lè rí mọ. Orí mi wú. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan rọra bi mí bóyá ara iṣẹ́ wa nìyẹn.

Olùkọ́ wa lọ bá ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà ní wọ́n ti gé ilẹ̀ náà sí pásẹ̀lì, ìyẹn ilẹ̀ ìkọ́lé, wọ́n sì ti tà á tán. Àwọn tó rán òun kò rí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kankan nínú ìwé wọn. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé. Baálé ibẹ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, kò fẹ́ wo ojú wa. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ náà jẹ́ òkúta, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun, pé ìgbà tó tutù lójú ni àwọn ará ìlú wá rí i, òun nìkan kò sì lè dá wọn dúró. Olùkọ́ wa kò bá a jà. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wò ó.

Mo délé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kí o parí ìdánwò ná kí n tó sọ fún ọ ni. Ọ̀kan nínú pásẹ̀lì yẹn, tìrẹ ni. Mo ti rà á."

Ó rò pé ayọ̀ ló dí mi lẹ́nu.

"Ilẹ̀ tí o fi ọwọ́ ara rẹ jí dìde," ló tún wí, "ṣé ẹlòmíràn ni yóò wá máa gbé ibẹ̀?"

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Bí ó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi bí mi nínú ni, ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo dojú bolẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kìkì "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú iṣẹ́" la ń bá ara wa sọ. Inú bí i pé mo kọ ẹ̀bùn. Ìyá mi ló ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín wa. Ó ní kí n rántí pé ọkùnrin náà kò ra ilẹ̀ fún ara rẹ̀ rí nílùú yìí láti ọjọ́ tó ti dé, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí à ń gbé, owó oṣooṣù la ń san lórí rẹ̀, pé èmi ni ó kọ́kọ́ ra ilẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ náà tún dá kún ìrora mi.

Mo lọ bá olùkọ́ wa ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ wa, ní gbogbo ọdún tí a fi kọ́ nípa omi àti erùpẹ̀, bí a ṣe ń bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀, àti ẹni tí yóò ni ín bó bá sàn tán.

"Kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́," ló dá mi lóhùn. "Ìwọ fi sí i."

Mo ti fẹ́ sọ fún un pé mò ń padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni. Dípò ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi dá lọ sórí òkè náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lójúde ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n pè mí wá. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ti ìsìnkú dé. Ó ní òun kò dá pásẹ̀lì náà mọ̀ mọ́. Ó ní omi ń sáré lórí ilẹ̀ náà bí orí táìlì, ó ń ya lọ sí abúlé, ó ti gbé ògiri àká ọkà kan lọ.

"Mo rò pé ilẹ̀ ni mo rà," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni wọ́n tà fún mi."

Èmi ni ìyàlẹ́nu bá lọ́jọ́ náà. Bàbá mi kì í sọ pé òun ṣìnà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ń wo àwọn tó ń kọjá.

Nígbà tí mo gba iṣẹ́, òkè mìíràn ni wọ́n rán mi lọ, ó jìnnà sí ìlú. Èdè Zarma tèmi, Zarma ọmọ ọjà ni, ó yá lẹ́nu ṣùgbọ́n kò ní ọ̀wọ̀ tó láti fi bá àgbà jókòó. Mo bẹ bàbá mi pé kó tẹ̀ lé mi. Òun ló kí baálé, ó bèèrè àlàáfíà ilé, ti ọmọ, ti ẹran, ti ọkà, títí baálé fi rẹ́rìn-ín tó sì ní kí wọ́n gbé ẹní wá. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

Mo ní kí a tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo, mo fẹ́ kí a sọ níwájú gbogbo ènìyàn ẹni tí yóò ni ilẹ̀ yìí bó bá sàn. Baálé wò mí títí. Ó ní àwọn àjèjì ti wá bèèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ òun, èyí kò sí níbẹ̀ rí. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà, ó pe àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi, ó pe Fúlàní tó ń da ẹran gba ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbóná, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, bàbá mi sì ń là wọ́n bí ẹni ń ná owó aṣọ. Kò tán lọ́jọ́ náà. A padà lọ, a tún padà lọ, òjò ọdún yẹn sì kọjá kí a tó fi dígà kan ilẹ̀.

Koríko wà lórí òkè náà báyìí, àwọn tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé ó ni ín ló ń gé e tà. Ní ti òkè àkọ́kọ́, ó ti di àdúgbò. Ilé wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀. Pásẹ̀lì mi kò ní ilé. Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń na okùn ìwọnlẹ̀ níbikíbi, màá dúró wo ohun tó ń wọ̀n.