Yìnyín Lórí Ikùn Mi

Títí di òní, bí mo bá rí yìnyín tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ó máa ń rí mi lára.

Oyún kẹrin ló wà nínú mi nígbà náà, ní Ìgàndó. Obìnrin ni àwọn mẹ́ta tí mo ti bí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Gbogbo ìgbà tó bá ti Dòpẹ́mú wá kí wa ló máa ń wo ikùn mi bí ẹni ń wo ọjà tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ẹ jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wá, tí ooru mú wa bí nǹkan míì, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa ìjàpá òkun. Wọ́n ní inú iyanrìn etí òkun ni ìyá ìjàpá ń yé ẹyin sí, tó bá ti bò ó tán, ó di inú omi. Bí iyanrìn bá tutù, akọ ló máa ń pọ̀ nínú ọmọ. Bó bá gbóná, abo ni. Ayé sì ti ń gbóná sí i, débi pé láwọn etíkun kan, abo ṣáá ló ń jáde nínú ẹyin. Tó bá yá, akọ tí yóò gùn wọ́n kò ní sí, ẹyin wọn kò sì ní pa mọ́. "Ilé ọmọ ti gbóná jù," ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ fi parí ẹ̀.

Ihò inú iyanrìn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Tèmi ni Àǹtí gbọ́.

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Ilé ọmọ rẹ ló gbóná. Mo ti mọ̀ pé ó nídìí ṣá."

Mo ní, "Àǹtí, ìjàpá ni wọ́n ń sọ, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ìjàpá gan-an kọ́ ló dáná sí iyanrìn."

Àkọ́bí mi ni Àǹtí rán níṣẹ́ pé kó lọ ra yìnyín wá. Ọkọ mi jókòó, ó ń tẹ fóònù, ó ní kí n ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò, kò lè pa mí lára. Ọkùnrin tí mo ń sè fún, tí mo ń fọṣọ fún. Ṣíọ̀.

Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Àǹtí ká aṣọ mi sókè níṣojú àwọn ọmọ mi, ó gbé ọ̀rá yìnyín lé mi níkùn, ó ń fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń lọ aṣọ. Omi rẹ̀ ń ṣàn sí mi nídìí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń ro ìyá ìjàpá yẹn, tó padà sínú omi láìmọ̀ pé iyanrìn tí wọ́n yé òun náà sí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àkọ́bí mi kúnlẹ̀ tì mí. Ó fọwọ́ kan ọ̀rá tó rà wá.

"Mọ́mì, ṣé ó ti tutù tó? Kó má baà tún jẹ́ irú mi."

Mo dìde. Mo fi eyín já ọ̀rá náà, mo sì da gbogbo yìnyín inú rẹ̀ sí itan ọkọ mi.