Páìpù Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Inú ṣì ń bí mi sí àbúrò bàbá mi, bí wọ́n tilẹ̀ ti kú. Àwọn ló tọ́ mi ní àdúgbò Ungwan Shanu. Tí wọ́n bá ń di ẹrù ìrìn-àjò, ìka ọmọńdinrín ni wọ́n fi ń gbé báàgì wò. "Ohun tí ìka yìí ò bá lè gbé, kò ní bá mi lọ." Tí ohun kan bá wọ inú báàgì, òmíràn gbọ́dọ̀ jáde.

Lásìkò ọyẹ́, wọ́n máa ń lọ ra pòtétò lóko ní ìhà Jos. Inú àgọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sùn, pẹ̀lú àdògán páànù tí àwọn alágbẹ̀dẹ ọjà Panteka rọ fún wọn, àti páìpù tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú àgọ́.

Wọn kì í kọ ẹ̀bùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, mo ra kúbùsù ńlá fún wọn.

"Ẹ gbé e, Bàbá. Òtútù Jos ò mọ àgbà."

"Na gode, ọmọ mi."

Wọ́n dì í, wọ́n fi ìka gbé báàgì, ó gbéra. Inú mi dùn, òmùgọ̀ èmi!

Èéfín ẹyín iná ló pa wọ́n nínú àgọ́ tí wọ́n pa dé. Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí páìpù náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kúbùsù mi ló gba àyè rẹ̀.

Àwọn èèyàn ní kádàrá ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò lè sọ fún ọmọ tí wọ́n tọ́ pé, "Mi ò fẹ́"? Ṣé mo máa lù wọ́n ni?

Kúbùsù náà ni àwọn ará oko fi wé òkú wọn wá sílé.