Omi Gbé Pákó Lọ, Ó Ku Ẹ̀yìn Ìyá

Ọmọbìnrin mi ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ pọ̀n àbúrò rẹ̀ wá sí iléèwé òun mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ o! Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń wò wá nínú ọkọ̀ tram, kí n máa fi passeggino, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ti ọmọ nínú rẹ̀, gbé e bí ìyá àwọn yòókù. "Mamma, mi vergogno," ló wí. Ojú ń tì í. Ẹ̀yìn tó gbé òun náà dàgbà ní Torino nílẹ̀ Italy níbí, ẹ̀yìn tó sùn lé, tó sì tọ̀ sí, òun ló wá di ohun ìtìjú. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo gba kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan, mo sì ń tì í kiri bí ẹni ń ti ọmọlanke.

Àsìkò yẹn ni maestra, olùkọ́ wọn, ní kí wọ́n ṣe eré nípa obìnrin Shoshone kan, ó sì mú ọmọ mi pé òun ni yóò ṣe obìnrin náà. Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀yà náà rí, àfi bí ìtàn wọn ṣe kún ilé mi. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi àwọn òkè ńlá apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn ọ̀tá jí obìnrin yìí gbé ní kékeré, ó sì di ìyàwó oníṣòwò kan nílẹ̀ àjèjì. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń wá ọ̀nà dé òkun, wọ́n mú òun àti ọkọ rẹ̀ dání kó lè ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ọmọ tuntun jòjòló ló gbé la òkè àti odò kọjá, láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin.

Inú mi dùn sí i bí ẹni pé ará ilé mi ni. Mo ní, "Ó pọ̀n ọ́n nìyẹn!"

"No, mamma." Ó ní pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń so ọmọ mọ́.

"Pákó kẹ̀? Ọmọ ni àbí ẹran súyà?"

Ó fi àwòrán hàn mí. Nígbà tí mo rí awọ rírọ̀ tí wọ́n fi bò ó àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sí i lára, mo gbà pé ọmọ ni lóòótọ́, kì í ṣe súyà.

Àmọ́ ìwé wọn tún sọ pé lọ́jọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, àgbàrá ya dé bá wọn níbi tí wọ́n sá sí. Obìnrin náà gbá ọmọ rẹ̀ mú, omi sì gbé ohun tó fi ń gbé e lọ. Ọmọ mi béèrè ohun tó wá fi gbé ọmọ lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé kò sọ. Mo ní bóyá ó ṣe bíi tèmi. Mo wá ọ̀rọ̀ Italian tí mo lè fi pe pípọ̀n, mi ò rí. Gbígbé sẹ́yìn lásán ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n sì ṣe ń pe ti báàgì náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo wá ọ̀já mi tì.

Lọ́jọ́ eré, mo ti passeggino lọ bó ṣe pàṣẹ. Wọ́n fa aṣọ búlúù kọjá lórí pèpéle, omi nìyẹn, pákó tí wọ́n fi páálí ṣe sì bá a lọ. Kàkà kó gbá bèbí oníke mọ́ra bí maestra ṣe kọ́ ọ, ọmọ mi fa ọ̀já mi yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bèbí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ pípọ̀n rí mọ̀ ọ́n: ọwọ́ kan ò lè di ọmọ mú kó tún so ọ̀já. Bèbí yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ sì wọ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ọmọ mi. Tí wọ́n bá fi ọ̀já yẹn rẹ́rìn-ín tán, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Ó fi ojú wá mi.

"Mama! Ẹ wá bá mi pọ̀n ọ́n, ó ń já bọ́!"

Ní Yorùbá, níwájú gbogbo wọn! Ọmọ tí mo máa ń pè ní Yorùbá lẹ́nu géètì iléèwé, tí yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo fi passeggino sílẹ̀ fún obìnrin tó jókòó tì mí, mo gun pèpéle lọ. Mo so ó le dáadáa, mo sì rọra gbá bèbí nídìí. Ọmọ mi nàró, ó rìn kọjá lórí òkè àti odò wọn, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Mo sunkún, mi ò sì fi pa mọ́.

Nígbà tá a jáde, àbúrò rẹ̀ ń ké. Ọmọbìnrin mi tú ọ̀já, ó nà án sí mi. "Ẹ pọ̀n ọ́n, Mama."

Ó wá ń ti passeggino òfìfo lọ níwájú wa. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan yọjú wo inú rẹ̀, ó béèrè ibi tí àbúrò rẹ̀ wà. Ọmọ mi la ẹnu, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí èmi náà wá tì. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó dá a lóhùn ní Italian, àfi ọ̀rọ̀ kan.

"Mia mamma l'ha pọ̀n."