Ibi Tí Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Tẹnu Mọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù tó kọjá!

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bonapriso, àdúgbò kan ní Douala níbí, ń wá ẹni tí yóò máa gba àlejò. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wọ̀ síbẹ̀ jù. Èmi tí wọ́n bí sí Douala, tí mo fi Faransé kàwé láti kékeré, mo kó ìwé ẹ̀rí mi lọ.

Ọ̀gá obìnrin tó dán mi wò, ọmọ Bamenda níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ní Gẹ̀ẹ́sì mi kò burú, ṣùgbọ́n ìparí gbogbo ọ̀rọ̀ ni mò ń tẹnu mọ́ bíi Faransé; ó ní àárín "computer", fún àpẹẹrẹ, ló yẹ kí n tẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Bí n kò bá tún un ṣe, òun á mú ẹlòmíì.

Iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo jáde ilé ìwé! Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Mo lọ bá bàbá mi ní ọjà Marché Dakar, níbi tó ti ń ta abọ́ àti ike. Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, bíi "computer" yẹn? Ó ní òun ò mọ̀ o. "Ṣùgbọ́n Rìsí, pe kọ̀ǹpútà bí àwa Yorùbá ṣe ń pè é nílé."

Mo pè é. Háà! Ohùn òkè bọ́ sí àárín gan-an, níbi tí ọ̀gá yẹn ní kí n tẹ̀! Tíṣà ńkọ́? Iwájú ni. Hòtẹ́ẹ̀lì náà bára mu! Àbí bí etí àwọn àgbà wa ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu òyìnbó ni wọ́n ṣe ń pè é? A ò ṣíwọ́ pípe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọjà fi tú. Nígbà tí mo délé, mo fi àmì dò-re-mí sórí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan sókè fún ọ̀gá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá orin ni mò ń kọ! Ó ní ibi tí mo tẹ̀ ti tọ́ wàyí, ṣùgbọ́n kí n má pe ìyókù kún ẹnu tó bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé wọn mì ni. Mo tún un kà, mo ń gbé wọn mì. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì!

Mo sáré lọ sọ fún bàbá mi. Ó ní alihamudulilahi. Lẹ́yìn náà ló ní ṣé mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn lọ́jà ni èmi àti òun kọ́kọ́ sọ Yorùbá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé mo fi Faransé dá òun lóhùn. Omi bọ́ lójú mi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: ẹ máa bi àwọn òbí yín ní ìbéèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun tí wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ bi bàbá tàbí ìyá yín tó sọ yín di ọ̀rẹ́? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀!