Ẹni Tó Sanwó Àyẹ̀wò Odò Wa

Tíṣà ni mí ní abúlé kan lẹ́bàá Ìlútítun, kò tíì pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú odò wa. Inú odò yẹn náà ni àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú sí. Ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ti àbúrò ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà, ló le jù.

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. Olówó kan ti dá ilé ìlagi sílẹ̀ lókè odò, oògùn tí wọ́n ń rẹ pákó sí kí ikán má baà jẹ ẹ́ sì ń ṣàn wá bá wa. Nígbà tí ariwo pọ̀, ọkùnrin náà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun yóò fi owó ara òun pe àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá yẹ omi náà wò. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ náà kò gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ tiwa, ni wọ́n bá fi mí ṣe ògbufọ̀. Àwọn obìnrin ò fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Àbúrò ìyá mi ká aṣọ sókè, ó fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n, ó sọ bó ṣe ń ta á. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá wọn rọra sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu omi tó wá láti ilé ìlagi yẹn."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé àbájáde dé. Ó ní omi ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin ló pa ẹja, òun náà ló ń bó wọn lẹ́sẹ̀. Kò dárúkọ ilé ìlagi rárá. Mo wọkọ̀ lọ bá ọ̀gá náà ní yunifásítì tí wọ́n ti wá.

"Ẹni tó sanwó iṣẹ́ ló ni ìwé," ló wí, kò wo ojú mi. "Ó máa kọ́ ilé àyẹ̀wò tuntun fún wa. Ṣé ẹ mọ iye ẹ̀mí tí ilé yẹn máa gbà là?"

"Ẹsẹ̀ àwọn ìyá wa lẹ ó fi kọ́ ọ, sà."

Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́, wọ́n sì kọ orúkọ olówó náà sára ògiri rẹ̀.

Kánsù fòfin de rírẹ ẹ̀gẹ́ sódò. Àbúrò ìyá mi fi púpurú sílẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìrẹ̀lẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán.

"Ìwọ lo gbọ́ tiwa, ìwọ lo gbọ́ tiwọn," ó ní. "Kí lo sọ fún wọn nípa wa?"

Mo ṣàlàyé, mo tún un sọ. Ó kàn ń mi orí pé òun gbọ́, bí èèyàn ṣe ń mi orí fún ọmọ tó ń purọ́.