Òpó Méjì fún Èjìrẹ́

Dókítà òyìnbó ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya òpó tó ń fi ìwọ̀n ọmọ hàn. Kí òmìnira tó dé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ ọwọ́ ní Dúgbẹ̀. Lórí ìwé alálà kéékèèké, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó lóṣù kan ni òpó rẹ̀ yóò ṣe ga tó. Ti ìbejì, òpó méjì ni mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lóṣooṣù, ọ̀kan láwọ̀ aró, ọ̀kan pupa, kí ojú lè rí àwọn méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé mo ra rúlà tara mi. Mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé.

Obìnrin kan máa ń gbé ìbejì rẹ̀ wá láti Mọ́níyà. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé ń sanra dáadáa. Èyí tó kẹ́yìn dé, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n, kò jọ ọmọ tó ń mu ọmú rárá. Ní oṣù kẹta, ìyá wọn rí ìwé náà lára ògiri tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́: òpó aró ga fíofío, pupa kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń fi èjìrẹ́ wéra lójú gbogbo ayé? Bí mo bá fún ọ̀kan lómi, mo ti fún èkejì. Bí ẹ̀gbọ́n bá mọ̀ pé ẹ gbé àbúrò ga ju òun lọ, kò ní í dúró tì wá. Mi ò ní í wá síbí mọ́.”

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá tèmi náà bí ìbejì, mo mọ̀ pé a kì í bu ẹran fún ọ̀kan kí a má bu fún èkejì. Bí kò bá sì wá mọ́, ta ni yóò tọ́jú ọmọ náà? Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, mo fa òpó pupa gùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá aró dọ́gba. Iye tó tọ́ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé n kò purọ́. Inú ìyá dùn, ó ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n dókítà, tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kì í ka ìwé àkọsílẹ̀. Ara ògiri ló máa ń wò. Ọmọ tí òpó rẹ̀ bá kúrú ló ń yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá lára ìbejì wọ̀nyí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kẹfà, ọmọ náà fúyẹ́ lórí ìwọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè fa òpó rẹ̀ gùn mọ́, mo sì yà á bó ṣe rí. Dókítà dúró síwájú ìwé náà. Òpó pupa tó ga lóṣù tó kọjá ti já wálẹ̀ lójijì. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí n bi ìyá léèrè ohun tó fi ọmọ náà ṣe láàárín oṣù kan péré.

Mo lè sọ òtítọ́ nígbà náà. Mo ro iṣẹ́ mi, mo ro aṣọ funfun ọrùn mi, ojú sì tì mí. Mo tú ìbéèrè náà sí Yorùbá fún un, ohùn líle ni mo tiẹ̀ fi tú u.

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì yè. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú títí, pàbó ló ń já sí. Ìyá rẹ̀ ni mo ń rí, bó ṣe wà lórí eékún, tó ń wo ojú mi, kì í ṣe ti dókítà.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, àmọ́ èmi ni mo ṣe é.”

Dókítà bi mí pé kí ló wí.

Mo ní, “Ó ní òun ló ṣe é.”