Ẹ̀gbọ́n Mi Tí A Fi Pamọ́ Sóko

Ní Kàbbà láyé ìgbà yẹn, kí ará ilé ọkọ tó gbé ìyàwó, wọn á kọ́kọ́ wádìí ilé rẹ̀ délẹ̀: ṣé adẹ́tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé olè wà níbẹ̀, ṣé wèrè wà níbẹ̀? Ilé wa ni wọ́n ń wádìí lọ́wọ́, nítorí èmi tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bímọ sílé wa, tí orí rẹ̀ sì dàrú.

Kò rí oorun sùn mọ́. Ó ń bá ẹni tí a kò rí jiyàn. Bí ọmọ bá sunkún, á di etí, á ní kì í ṣe ọmọ òun. Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì wá wò ó.

"Okun o, bàbá," ló kọ́kọ́ fi kí bàbá wa. "Àìsàn ni o, kì í ṣe èpè. Bí oorun bá ti dá lójú abiyamọ, tí ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ sì ń bà á, ẹ má dúró. Dókítà kan wà ní Abẹ́òkúta, àìsàn ọpọlọ nìkan ló ń wò. Ẹ gbé e lọ."

Bàbá wojú mi. Èmi, ọ̀dájú, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá ná." Ọkọ náà wù mí, kí n má purọ́! Bí a ṣe mú ẹ̀gbọ́n mi lọ pamọ́ sí ahéré wa lọ́nà Ìyamóyè nìyẹn, tí Màmá ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ wà lọ́dọ̀ mi, mo ń fún un lẹ́kọ mu. Àwọn olùwádìí dé, wọ́n jẹ iyán, wọ́n yìn wá. Háà! Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Òwú ti kúrò lóko tán, ọ̀pọ̀ oṣù sì ti kọjá, kí a tó ṣègbéyàwó. Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, kò tilẹ̀ bínú. "Ṣebí àìsàn ni?" ló wí. Òun gan-an ló wá lọ́rì tó gbé wa lọ sí Abẹ́òkúta.

Dókítà jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó bi í bó ṣe ń sùn, ohun tí àwọn ohùn tó ń gbọ́ ń sọ, bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀. Ó ti rò ó rí. Àwa ò mọ̀, a ò bi í. Dókítà fún un lóògùn, ó ní kí Màmá dúró tì í, kó máa se oúnjẹ fún un. Ó wá kọjú sí mi: "Kí ló dá yín dúró láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní ọ̀nà ló jìn.

Ara rẹ̀ yá. Ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Kàbbà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ti ń rìn. Ọmọ figbe ta, ó sá sẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú, ó ń pè mí ní ìyá. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ fi ipá já ọwọ́ ọmọ náà kúrò lára mi.

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìwọ ló mọ̀ ní ìyá."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wọlé.